Ọdún Mẹ́rin Tí Mo Fi Lé Apààyàn Tí Kò Sí

Ojú ewé kẹsàn-án ni Alájì dé tó fi dá ìwé náà padà fún mi. Lándílọ́ọ̀dù wa ni, ọmọ Ọ̀fà ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, Kàdúná, Jos, Àbújá, kó tó fẹ̀yìntì. Mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń retí kó ní ìwé náà dùn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ yìí wa mọ́tò láti Garki dé Gwagwalada, ó padà, ó tún gba Bwari lọ lọ́jọ́ kan náà. Ta ló ra epo sí mọ́tò yẹn?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Irinwó ojú ewé ni mo ti kọ nígbà yẹn. Ènìyàn mẹ́jọ ti kú nínú rẹ̀, wọ́n ti yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹfà, kò sì sẹ́ni tó ra epo rí.

Ẹni tó bá ní in lọ́kàn láti kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lédè Yorùbá ni mò ń kọ èyí fún, pàápàá ẹni tó ń gbé Òkè Ọya bíi tèmi. Ọdún mẹ́rin ni ìwé mi gbà, ọdún méjì nínú rẹ̀ ló sì ṣòfò pátápátá. Òfò yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 2019 ló bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn ń jáde láti Port Harcourt pé wọ́n ń bá òkú ọ̀dọ́bìnrin nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, lónìí ibí, lọ́la ọ̀hún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ọwọ́ tẹ ọkùnrin kan tí kámẹ́rà hòtẹ́ẹ̀lì ti ká àwòrán rẹ̀; ní 2020 ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún un. Èmi ń ṣe akọ̀wé ìṣirò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta símẹ́ńtì àti irin ní Dei-Dei, Kubwa ni mò ń gbé. Bí a bá pẹ́ kí a tó ti ṣọ́ọ̀bù, ojú títì ni mo máa ń dúró sí wá ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé Àbújá ló mọ wan-ṣáńsì: o wọ takisí, o rò pé èrò bíi tìrẹ ló wà nínú rẹ̀, àṣé olè ni gbogbo wọn, dírẹ́bà pàápàá. Kí n tó wọlé sínú ọkọ̀ èyíkéyìí, mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Mo wá bi ara mi léèrè lálẹ́ ọjọ́ kan: bí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kò bá fẹ́ owó, kò fẹ́ fóònù, tó jẹ́ pé kí èrò rẹ̀ má délé mọ́ nìkan ló ń wá ńkọ́?

Ìbéèrè yẹn tó ìwé kọ. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ́, gbogbo fíìmù tí mo ti wò rí ló jókòó tì mí.

Mo fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi lórúkọ, Àjọkẹ́, mo sì fún un ní oyè tí kò sí nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà. Mo jẹ́ kó máa dá rìn. Mo jẹ́ kó rí irun kan lórí aṣọ òkú láàárọ̀, kí èsì DNA dé lálẹ́. Alájì ò tiẹ̀ bínú sí èyí, ẹ̀rín ló fi í rín. Ó ní yàrá àyẹ̀wò DNA tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní 2017 pàápàá, rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020 bà á jẹ́. "Irun tìẹ yìí, inú àpòòwé ló máa wà lórí tábìlì ẹnì kan títí tí wọ́n á fi gbé ẹni yẹn lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn."

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá rí òkú á lọ sí tẹ́ṣàn tó súnmọ́ ọn. DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, ló ni tẹ́ṣàn. Ẹni tí wọ́n bá fa ẹjọ́ lé lọ́wọ́ ni IPO, ó lè jẹ́ sájẹ́ǹtì, ó lè jẹ́ ínsípẹ́tọ̀, òun náà ló ń gba sítétímẹ́ǹtì, òun ló ń kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn pé kí wọ́n yẹ òkú wò, òun ló sì ń tọ́jú fáìlì. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ikú, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ ní tẹ́ṣàn, ẹ̀ka tó ń wádìí ọ̀ràn ní olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà ni fáìlì ń gbà lọ. Àjọkẹ́ mi kò ní fáìlì kankan lọ́wọ́. Ìbọn ló ní.

Ohun tó yí ìtàn mi padà jù ni ọ̀rọ̀ ààlà. Mo ti pa ènìyàn kan sí Nyanya, mo tún pa òmíràn sí Mararaba. Lójú tèmi, ìlú kan náà ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni mérúwà máa sinmi kó tó ti ọmọlanke rẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Alájì na ìka sí i. Nyanya wà lábẹ́ Àbújá, Mararaba ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Nasarawa. Fáìlì ti Nyanya ń bọ̀ wá sí olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Àbújá ní Garki, fáìlì ti Mararaba ń lọ sí ti Nasarawa ní Láfíà. Òkú méjì, ọ̀nà ìpànìyàn kan náà, ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan láàárín wọn, IPO méjì tí wọn ò rí ara wọn rí.

Mo dìde, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà dé mo ya ojú ewé àádọ́jọ dànù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i tí mi ò bá má mọ̀ láé bí kì í bá ṣe pé mò ń bá Mùsùlùmí gbé inú ọgbà kan náà. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ kú nínú ìwé mi, Mùsùlùmí ni, Zuba ni ilé bàbá rẹ̀. Mo gbé òkú rẹ̀ sí mọ́ṣúárì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí dókítà lè máa wádìí ohun tó pa á. Alájì wò mí bí ẹni pé mo da omi lé e lórí. Ó ní, "Ta ló máa gbà fún ọ? Tí wọ́n bá rí i láàárọ̀, kí ó tó di àsálẹ́ wọ́n ti sin ín. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fura lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àṣẹ ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa gbà kí wọ́n tó hú u." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ìdí tí wọn ò fi mọ̀ pé ẹnì kan náà ló ń pa wọ́n: wọn ò yẹ òkú àkọ́kọ́ wò rárá, wọ́n ní jàm̀bá ọkọ̀ ni. Àwọn àgbófinró Amẹ́ríkà ní FBI ṣe àpérò kan ní 2005, wọ́n fẹnu kò pé bí ẹnì kan náà bá ti pa ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, apààyàn léraléra ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí o tó ka méjì, ó yẹ kí ẹnì kan ti ka ọ̀kan.

Òkú pàápàá kò fi ara mọ́ ohun tí mo kọ. Mo ti ní kí dókítà fọwọ́ kan òkú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó ní ó ti tutù, nítorí náà òru àná ló kú. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé oṣù wo ni. Mo ní oṣù kẹta. Ó ní, "Oṣù kẹta, l'Àbújá? Kí ló fẹ́ tutù sí?" Ara ènìyàn alààyè gbóná tó bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀sán oṣù kẹta níhìn-ín súnmọ́ ọn, ìgbà mìíràn ó kọjá rẹ̀, inú mọ́tò tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa kò wá ṣeé fẹnu sọ. Ó kọ́ mi pé kí n wo líle ara: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́rin, àgbọ̀n àti ìpéǹpéjú ló ń kọ́kọ́ le, bí wákàtí méjìlá bá pé gbogbo ara á ti le, lẹ́yìn ọjọ́ kan àbọ̀ tàbí méjì á tún rọ̀. Ooru sì ń mú un yára. Èyí já sí pé dókítà inú ìwé mi kò lè sọ wákàtí kan pàtó mọ́, "ó ṣeé ṣe" ló kù tí ó lè sọ, lọ́yà apààyàn á sì dì mọ́ "ó ṣeé ṣe" yẹn lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Apààyàn mi ńkọ́? Ọlọ́gbọ́n ni mo ṣe é. Ó kàwé, ó mọ orin Mózà, olórin òyìnbó àtijọ́ nì, ó ń kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá pẹ̀lú àlọ́ nínú. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n má purọ́. Orí mẹ́rìnlá nínú ọgbọ̀n, tirẹ̀ ni. Àwọn obìnrin tó pa kò ní ju ojú ewé méjì-méjì lọ, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ bí wọ́n ṣe kú.

Ohun tó pa ìfẹ́ yẹn ni ìgbà tí mo ka nípa Peter Sutcliffe ará Ìlú Ọba. Obìnrin mẹ́tàlá ni ó pa láàárín 1975 sí 1980. Ìgbà mẹ́sàn-án ni ọlọ́pàá ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò láàárín ọdún wọ̀nyẹn! Wọ́n rí owó bébà pọ́n-ùn márùn-ún tuntun nínú báàgì ọ̀kan lára àwọn tó pa, wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé àwọn iléeṣẹ́ tó lè ti fi san owó oṣù, wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀, wọ́n lọ. Ní 1979 alárékérekè kan fi téèpù ránṣẹ́ pé òun ni apààyàn náà, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ìhà mìíràn, ni wọ́n bá ń wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Orúkọ Sutcliffe wà nínú káàdì wọn ní gbogbo ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n káàdì ti pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè to ọ̀kan ti èkejì. Ní oṣù kìíní 1981 tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Sheffield, nọ́ńbà ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n kí wọ́n máa kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Èmi akọ̀wé ìṣirò ka ìyẹn, ara mi ń gbọ̀n. Mo mọ iṣẹ́ yẹn! Òun ni mò ń ṣe lójoojúmọ́. Àpò símẹ́ńtì mẹ́fà sọnù, ìwé ọjà tó wọlé ní ẹgbẹ̀ta ni, ìwé ọjà tó jáde ní ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́fà, o máa jókòó, o máa tò wọ́n pa pọ̀ ní ìlà-ìlà títí ojú á fi máa ta ọ́. Olè kì í gbọ́n tó bí a ṣe rò, ìwé méjì tí kò tíì pàdé ló ń bò ó láṣìírí. Mo gba orin lọ́wọ́ apààyàn mi, mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ di dírẹ́bà lásán tó ń jẹ ìrẹsì ní búkà tí kò sí ẹni tó lè rántí ojú rẹ̀. Mo sì fún Àjọkẹ́ ní ìwé ẹ̀kọ́ olójú ewé ọgọ́ta tí mẹ́gáàdì ẹnu géètì ẹ́sítéètì kan ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí, ọkọ̀ wo ló wọlé, aago mélòó, ilé ta ló ń lọ. Lẹ́ẹ̀dì ló fi kọ ọ́, ojú ewé kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì nítorí ọbẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí apààyàn.

Alájì ka orí yẹn, ó ní, "Èyí ṣẹlẹ̀." Mo béèrè pé níbo. Ó ní ibi gbogbo.

Òfin náà fọ́ mi lójú. Nínú ìwé àkọ́kọ́, Àjọkẹ́ mú ìyá afurasí, ó tì í mọ́lé kí ọmọ lè jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n so afurasí rọ̀, ó jẹ́wọ́, adájọ́ dá a lẹ́bi, ó parí. Mo rò pé mo ń ṣe òótọ́ inú ìlú. Lọ́yà kan tí à ń tà símẹ́ńtì fún ló bá mi kà á, kò sì fi dídùn ṣe. Ó ní Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀ràn tí wọ́n ṣe ní 2015, ACJA, òun ló wà nílẹ̀ l'Àbújá: abala 7 rẹ̀ kọ̀ kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn, abala 17 ní bí afurasí bá fẹ́ ṣe sítétímẹ́ǹtì, ó lè ṣe é níwájú lọ́yà rẹ̀, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń gbèjà ẹni tí kò lówó lọ́yà, tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà, Òfin Ẹ̀rí 2011 kò gbà á wọlé. Àwòrán kámẹ́rà àti àkọsílẹ̀ ìpè fóònù náà, abala 84 òfin ẹ̀rí yẹn ní àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn nípa kọ̀ǹpútà tó ti inú rẹ̀ jáde kí adájọ́ tó wò ó. Ẹ̀sùn tí mo kọ pàápàá kì í ṣe tibí. Òfin Criminal Code ti ìhà Gúúsù, abala 319, ni mo gbé wá, nígbà tó jẹ́ pé Penal Code ni wọ́n ń lò l'Òkè Ọya àti l'Àbújá, abala 221. "Ìwọ lo pa wọ́n, ìwọ náà lo tún máa jẹ́ kí apààyàn lọ sílé," ni lọ́yà náà wí.

Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin mo rí i pé ó ti fún mi ní ìparí ìwé lọ́fẹ̀ẹ́: ọlọ́pàá kan tí kò ní sùúrù, ìjẹ́wọ́ tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́, àti Àjọkẹ́ tó ń sáré kiri láti fi ìwé ẹ̀kọ́ mẹ́gáàdì gba ẹjọ́ là.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó dára láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fóònù. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, Yorùbá ni, kó tó kú ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀: *oko ti de*. Kò sí àmì, nítorí ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Àbúrò fi han ọlọ́pàá, IPO kò gbọ́ Yorùbá, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un ní "ọkọ ti dé." Ni wọ́n bá lọ gbé ọkọ rẹ̀. Ìwà rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó ò sì dára tó, àwọn aládùúgbò ti gbọ́ ariwo wọn rí. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú sẹ́ẹ̀lì kó tó di pé Àjọkẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, lóhùn òkè, níwájú tábìlì: ọkọ, oko, ọkọ̀. Ọkọ̀ ti dé. Takisí ni obìnrin náà ń sọ.

Inú mi dùn nígbà tí mo sọ ọ́ fún Alájì. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ kírun. Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ni, Ásárì kò tíì tó. Mi ò ro nǹkan kan sí i lọ́jọ́ náà.

Mo ti ń yí ìdí ọ̀rọ̀ tó le jù ká láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Obìnrin kan kú ní àdúgbò tí a ti ń gbé rí. Wọ́n pa á ni. Mi ò ní sọ ọdún, mi ò ní sọ ibi. Mo mọ̀ ọ́n ní ojú, a jọ máa ń kí ara wa lẹ́nu kànga ni. Nígbà tí mò ń wá ẹni karùn-ún tó máa kú nínú ìwé mi, òun ló wá sí mi lọ́kàn. Mo pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Mo pààrọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìyókù, bí ó ṣe ń di gèlè, bí ó ṣe ń rìn, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n bá a lẹ́yìn rẹ̀, mo kó o bí ó ṣe wà. Mo sọ fún ara mi pé mò ń bọlá fún un ni. Irọ́ ni. Ó rọrùn ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ikú rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ rò.

Ìpàdé ọmọ Yorùbá tí à ń ṣe lóṣooṣù ní kí n ka díẹ̀ nínú ìwé mi. Mo mú orí yẹn nítorí òun ló ń mú èèyàn lọ́kàn jù. Mo kà á dáadáa, mo ń gbé ohùn sókè, mo ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó lẹ́yìn, kò pàtẹ́wọ́, mo rò pé ó ti sùn. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó wá bá mi.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ìwé yẹn dára. Ṣùgbọ́n o ní ó ń jẹ ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ tó kú. Kì í jẹ ẹ̀wà. Láti kékeré ni kì í ti í jẹ ẹ̀wà."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó sì jáde. Mo wà lórí eékún mi níbẹ̀ títí ẹnì kan fi bi mí bóyá nǹkan mi ló sọnù.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó lè lọ sílé rẹ̀. Mo mú ọsàn dání, bí aláìlóye. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo jí ọmọ rẹ̀ gbé, mo sì ní mo máa yọ orí náà kúrò. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ láti aago mọ́kànlá títí ilẹ̀ fi ṣú, ohun tí ó ń jẹ, orin tí ó ń kọ, ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ tí bàbá rẹ̀ kọ̀. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo yọ orí náà, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo wá jókòó ti ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, mi ò lè kọ ẹni tó máa kú láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ mọ ohun tí kì í jẹ. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Apààyàn tó ní orí mẹ́rìnlá tẹ́lẹ̀, mẹ́ta ló kù fún un. Ó ṣòro fún mi láti rí ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀ mọ́, òun kan wà níbẹ̀ ni, bí ihò ojú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ara mi díẹ̀. Òru ni mo máa ń kọ̀wé tẹ́lẹ̀, bí àwọn ọmọ bá ti sùn, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá mú iná lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sùn. Ọmọ mi kékeré pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, ogún ìṣẹ́jú péré, mo ti pe gbogbo òbí tí mo mọ̀. Ọkọ mi ní, "Ìwé yìí ti ń gbé pẹ̀lú wa, kò sì san owó ilé." Mo gbé àsìkò ìkọ̀wé sí aago márùn-ún àárọ̀, kí ilẹ̀ máa mọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí n sì ti inú ìwé bọ́ sí inú ariwo Dei-Dei tààrà. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ ju àdúrà lọ, Ọlọ́run á foríjì mí. Mo pa gbogbo àwòrán òkú tí mo ti kó jọ lórí fóònù rẹ́, mi ò sì nílò ọ̀kankan nínú wọn títí mo fi parí.

Ẹ wo nǹkan tó kù díẹ̀ kó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo gbé ìwé fún atẹ̀wé kan ní 2023. Àwọn àkọ́kọ́ dé, mo ṣí i, gbogbo àmì ohùn ti ṣubú dànù, àmì ìsàlẹ̀ náà pẹ̀lú wọn. Ìwé tí gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ dúró lórí ọkọ àti ọkọ̀, "oko" ni wọ́n tẹ̀ níbi gbogbo. Àjọkẹ́ dúró níwájú tábìlì, ó ń pariwo, "Kì í ṣe oko, oko ni!" Ẹ̀dà mẹ́wàá péré ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, orí ló yọ mí. Ẹ gbọ́ o: ẹ sọ ìwé yín di PDF fúnra yín kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì ní kí wọ́n tẹ ojú ewé kan fún yín wò kí ẹ tó san owó.

Alájì ni mo kọ́kọ́ fún ní èyí tó dára. Oṣù kan gbáko ni kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ Àìkú kan ló ránṣẹ́ pè mí. Ìwé náà wà lórí itan rẹ̀, ó ti fi bébà pẹlẹbẹ há a láàárín. Ó ní epo ti wà nínú mọ́tò báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rà á, òun kà á. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọkọ yẹn ńkọ́?"

Mo ní ọkọ wo.

"Ọkọ tí wọ́n tì mọ́lé. O ní wọ́n tú u sílẹ̀ ní ojú ewé igba ó lé mẹ́wàá. Láti ibẹ̀ o ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ibo ló lọ? Ta ló gbà á sílé? Ṣé wọ́n jẹ́ kó sin ìyàwó rẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Lóòótọ́, mi ò ronú kàn án. Alájì ń fọwọ́ tẹ́ bébà pẹlẹbẹ náà, ó ń tẹ́ ẹ.

"Èmi ti ti ọkùnrin kan mọ́lé rí," ó wí. "Kàdúná ni. Ọjọ́ mọ́kànlá. Kì í ṣe òun. A tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní kó máa lọ. Mi ò bèèrè ibi tó ń lọ."

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún wa, a dákẹ́ títí ó fi padà wọlé. Alájì na ìwé náà sí mi. Mo gbà á, mo wọ yàrá mi, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wá ojú ewé igba ó lé mẹ́wàá.